Ẹ Tètè Bi Bàbá Léèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Pírínsípà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, kódà àwa tí a ò wọ ilé ìwé wọn rí. Ohun tí a mọ̀ nípa wọn ò ju pàṣán lọ. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ja ogun Bìáfíírà, àfi ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ kan tí mo rí wọn tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ ológun sáyà agbádá. (Ọjọ́ yẹn logun náà parí ní 1970, òun nìjọba fi ń rántí àwọn ológun.)

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ìbàdàn mà ni wá o! Ibùdó ogun ni ìlú yìí kó tó dìlú. Ọmọ Ọjà'ba á ka Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá, Látòóṣà fún ẹ láìmí, á ní ogun Kírìjì gba ọdún 16. Àmọ́ ẹni tó lọ sógun, tó padà dé, tó wá lo ìyókù ayé ẹ̀ nídìí pátákó ìkọ̀wé, a ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fi Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn jẹ Olúbàdàn ní Màpó, lọ́jọ́ 12 oṣù Agẹmọ 2024, orí oyè Balógun ni wọ́n ti bọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ti ṣe Méjọ̀ gidi nínú iṣẹ́ ológun. Mélòó nínú wa ló bèèrè bí ayé yẹn ṣe rí? Aṣọ ẹbí là ń wá kiri. Ọdún kan ò pé, wọ́n wàjà, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n pé 90.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun òyìnbó. Ní 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Bọ́mà. Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló fi òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ fóṣù mélòó kan, tó ń bọ́ wọn. Fadoyebo fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ìwé yẹn ni oníròyìn kan, Barnaby Phillips, rí tó fi gbé lẹ́tà ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman, kí bàbá tó kú ní 2012. Ká ní kò kọ ọ́ ńkọ́?

Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ní 1967 ti ń lọ sí 80 báyìí o.

Àwọn kan á ní àgbà ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun. Òótọ́ ni, díẹ̀. Mo bi Pírínsípà bóyá wọ́n pààyàn, wọ́n ní kí n lọ kàwé mi. Mo padà lọ́jọ́ kejì, mo bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ lójú ogun. Há! Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì kúrò lórí gàrí tí fóònù mi fi kú.

Mo ti ra páwà báńkì. Ọ̀la ni mo ń padà lọ.