Iwin kọ́ ló bí Yorùbá: ohun tí DNA, ìbejì Igbó-Ọrà àti genotype ń bá wa sọ

Ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó bá ti dárúkọ Yorùbá kì í tètè sùn lórí ayélujára. Èyí tó jáde lóṣù kejì ọdún 2020 ṣì lè já wọ inú WhatsApp yín lọ́la, wọ́n á ti gé e kúrú, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì California tó wà ní Los Angeles, yẹ DNA àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò: Yorùbá láti Ìbàdàn, Ẹ̀sán, Mende láti Sierra Leone, àti àwọn ará Gambia. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde nínú Science Advances, wọ́n ní láti ìdá 2 títí dé ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn èèyàn yìí jogún sínú ẹ̀jẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ìran àtijọ́ kan wá, ìran tó ti yà kúrò lára tiwa kí àwọn Neanderthal tó yà. Kò sẹ́ni tó tíì rí egungun kan kó sọ dájú pé ti ìran náà ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é ní “ghost”. Ẹ wá túmọ̀ ìyẹn sí Yorùbá tààrà, ó di iwin. Ni wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti sọ pé iwin ló bí wa, àwọn kan ní òyìnbó tún ti pè wá lọ́mọ ọ̀bọ.

Èmi gbà pé Ọlọ́run ló dá ayé, mi ò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni mo kà, wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀ pé kí o tó ta ko ẹ̀rí, kọ́kọ́ kà á. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá òun láre lórí nǹkan kan ló máa mú ẹ̀rí wá. Abala 68 fàyè gba ọ̀rọ̀ onímọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì. Kò ní kí adájọ́ máa gbé gbogbo ohun tí onímọ̀ bá sọ mì o.

Tá a bá fi ojú yẹn wo iṣẹ́ ọdún 2020 yìí, àwọn ìbéèrè wà lóòótọ́. Láti 2 dé 19, àlàfo ẹ̀ fẹ̀. Egungun ò sí. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: wọ́n rí àwọn ègé DNA tí kò jọ ìyókù, wọ́n wá ń wo irú ìtàn wo ló lè gbé e débẹ̀. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n “a ò tíì rí egungun” yàtọ̀ sí “irọ́ ni”. Ẹjọ́ mélòó ni wọ́n ti dá láìsí ẹnì kan tó fojú ara ẹ̀ rí i? Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan náà tó ń pariwo lórí X pé kí gbogbo ọkùnrin lọ ṣe DNA ọmọ ẹ̀ ni wọ́n tún ń sọ pé DNA ò lè mọ ìtàn baba ńlá ẹnikẹ́ni. Ṣé ìran kan ṣoṣo ló lè kà ni?

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bíi pé nílé òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Lọ́dún 1965, ikọ̀ Thurstan Shaw hú egungun èèyàn jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsarun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti lé ní 11,000 ọdún. Nígbà tí Katerina Harvati àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sọ lọ́dún 2011 pé ìrísí ẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú àkókò yẹn. Wọn ò ní ìran tí DNA ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí tá ò tíì mọ ìdí ẹ̀.

Ibi tí mo ti gbè sẹ́yìn àwọn tó ń bínú ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1906, wọ́n kó ọmọ Kóńgò kan tó ń jẹ́ Ota Benga sínú ilé àwọn ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, kí èrò lè máa wò ó. Àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú, tí James Gordon ṣáájú wọn, ló fárígá títí wọ́n fi dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ara ohun tó bí wọn nínú ni pé wọ́n rí i bíi pé wọ́n fẹ́ fi èèyàn dúdú ṣe ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ Darwin. Tí bàbá àgbà kan ní Lànlátẹ̀ bá gbọ́ “evolution” tó fajú ro, ẹ má pè é ní aláìmọ̀wé. Ó nídìí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé Darwin ti ọdún 1871 ni pé ó jọ pé Áfíríkà ni gbogbo èèyàn ti ṣẹ̀ wá, òyìnbó pẹ̀lú. Àwọn ará Yúróòpù náà sì ní bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún DNA Neanderthal lára. Kò sí onímọ̀ gidi kan tó sọ pé ìnàkí ló bí wa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìbátan ni wá, pé a ní baba ńlá kan náà látẹ̀yìnwá. Ẹ lè ní ẹ ò gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni kẹ́ ẹ ta kò.

Ó yẹ kí àwa tá a mọ Ìbàràpá tiẹ̀ rọra. Ta ló ń fi ìbejì wé ẹdun? Ṣebí àwa náà ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó bí ìbejì ni kò jẹ́ jẹ ẹran ẹdun, kò sì sẹ́ni tó ní ìwọ̀sí ni. Ní Igbó-Ọrà, àwọn oníwàádìí ti kà á pé ìbí tó tó 45 nínú 1,000 ló ń jẹ́ ìbejì, ìyẹn sì ju ti Yúróòpù lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ọbẹ̀ ìlasà ni, àbí àmàlà iṣu. Kò tíì sí àyẹ̀wò kan tó fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ohun tá a mọ̀ dájú ni pé irú ìbejì tí kò jọra máa ń rìn nínú ìdílé, pàápàá lọ́dọ̀ ìyá. A gba ti ìlasà láìbéèrè ẹ̀rí kankan, àmọ́ a ní kí onímọ̀ DNA lọ gbé egungun wá.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kúrò ní àwàdà tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti mọ́ṣáláṣí náà báyìí, kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé genotype. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ojú àwọn òbí tó ń tọ́jú ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde ti rí màbo. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS? Anthony Allison ló dáhùn ẹ̀ lọ́dún 1954. Ibà kì í tètè pa ọmọ tó bá jẹ́ AS. Ọmọ tí ibà ò pa ló dàgbà, òun ló bímọ, ó sì fi S yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Bó ṣe pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí nìyẹn. Kókó ohun tí Darwin kọ gan-an sì nìyẹn. Pásítọ̀ tó gba ìwé genotype lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé, tó wá ní gbogbo ẹ̀ irọ́ ni lọ́jọ́ Sunday, kò tíì ka ìwé tó gbà.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: àyípadà kékeré nìyẹn, kò sọ pé ẹja lè di èèyàn. Òótọ́ ni, èsì tó bọ́gbọ́n mu ni. Kòkòrò ibà náà yí padà lójú wa títí chloroquine ò fi ràn án mọ́, tí ìjọba fi pààrọ̀ oògùn lọ́dún 2005, síbẹ̀ kòkòrò ibà ló ṣì jẹ́. Àríyànjiyàn tó kù wá di bí àyípadà ṣe lè tóbi tó, àti iye ọdún tó gbà. Níbẹ̀, mi ò ní tàn yín, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ pọ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ àwa onígbàgbọ́ tó ń ṣiyèméjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ borí wọn ní láti ṣe ju kó máa pín fídíò lọ.

Ìbàràpá ti bá irú ẹ̀ pàdé rí. Ní Ìdèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ara ni sọ̀bìà ti máa ń wà látilẹ̀wá. Àwọn oníwàádìí láti Ìbàdàn ní omi tí wọ́n ń mu ló ń gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí ará Ìdèrè fi ẹ̀sìn ẹ̀ sílẹ̀, asẹ́ ni wọ́n gbé fún wọn kí wọ́n fi sẹ́ omi. Lọ́dún 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sọ̀bìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ilé ìwé. Evolution wà nínú ohun tí WAEC fi ń ṣe ìdánwò bàólọ́jì, ti JAMB náà sì wà níbẹ̀. Tíṣà tó bá fò ó nítorí ìgbàgbọ́ ara ẹ̀, máàkì ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi ṣe sàráà. Bẹ́ẹ̀, abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá ní kíláàsì tiẹ̀, CRS àti IRS wà fún un, bàólọ́jì náà ní tiẹ̀. Ní Dover ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ilé ìwé gbìyànjú láti po méjèèjì pọ̀, àwọn òbí gbé wọn lọ sí kóòtù, Adájọ́ John Jones sì dá àwọn òbí láre lóṣù Kejìlá ọdún 2005. Kóòtù wọn ò de tiwa lóòótọ́.

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá sí Igbó-Ọrà kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ará oko. Ó wù mí kí àwọn ọmọ Èrúwà, Tápà àti Ayétẹ̀ pọ̀ nínú wọn lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì ti ka gbogbo bàólọ́jì SS3 wọn tán kí wọ́n tó débẹ̀.