Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá Nìkan Kọ́ Ni Ìrìn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Ogui ní Enugu ṣe ibùgbé, ẹ kò ṣàjèjì sí Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà nínú ìlú yín. Òun, Ìgbóbì àti Dala ní Kano ni mẹ́ta àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò ni ti àwọn tí jẹjẹrẹ, ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí egbò tí ó kẹ̀ mú kí a gé lẹ́sẹ̀ láti oríkèé ìbàdí.

Ẹni tí a gé nísàlẹ̀ orúnkún pàdánù oríkèé kan. Ẹni tí a gé láti ìbàdí pàdánù mẹ́ta: ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Kò ní itan tí yóò fi ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá síwájú. Ìbàdí ni yóò fi máa jù ú. Ní 1954, Colin McLaurin gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan jáde ní Toronto, ní Kánádà, èyí tí ó gbá ìbàdí mú yíká. Síbẹ̀, agbára tí a fi ń rìn ín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ó ń mú ooru, ìjókòó inú rẹ̀ kò sì rọrùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń padà sí ọ̀pá abíyá, tí ó yá jù ú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ọ̀lẹ.

A kò wí pé kí a má ra ẹsẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba ìdúró lè jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹbí tó ta ilẹ̀, kí wọ́n béèrè: oṣù mélòó ni ẹ̀kọ́ ìrìn yóò gbà? Ta ni yóò máa tún un ṣe? Iṣẹ́ wo ni aláìsàn yóò padà sí? Àwọn ọmọ ogun Biafra tí a kó sí Oji River lẹ́yìn ogun 1967 sí 1970 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tọrọ owó, nítorí pé iṣẹ́ kò tẹ̀lé ìtọ́jú.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún náà pé ní 2024. Kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbi gbogbo kọ́kọ́ wo àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìpàdé tiwọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú, koko ní í le.