Òkun Ìlàjẹ ò jẹ ilé nìkan: Bí iyọ̀ ṣe ń fi ebi pa irè oko

Nígbàkúùgbà tí òkun bá ya wọ Ayétòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé tó wó ni ìròyìn máa ń gbé. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Àmọ́ àdánù mìíràn wà tí kì í hàn nínú fọ́tò: iyọ̀ tí omi náà ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ oko lẹ́yìn tó bá ti padà.

Òkun nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn ipa odò tí wọ́n ti gbẹ́ tipẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ṣílẹ̀kùn fún omi òkun láti wọ àbàtà tí omi rẹ̀ ò níyọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé ìrànwọ́ yòówù tí ìjọba bá fẹ́ ṣe fún àgbẹ̀ etí òkun, tí wọn ò bá kọ́kọ́ wọn iyọ̀ inú ilẹ̀, owó náà lè ṣòfò.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún irúgbìn?

Gbòǹgbò ló ń fa omi látinú ilẹ̀. Tí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú omi náà, gbòǹgbò ò ní lè rí i fà bó ṣe yẹ. Oko á wà nínú omi, òùngbẹ á sì máa gbẹ irúgbìn.

Bí òùngbẹ bá ti mú un, àwọn ihò wínníwínní tó wà lára ewé á pa dé, kí omi má baà tán lára rẹ̀. Ihò yìí kan náà sì ni afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń se oúnjẹ ń gbà wọlé. Ṣúgà tí ewé ń sè á dín kù. Ìwọ̀nba tó bá sì rí sè, púpọ̀ nínú rẹ̀ lè há sínú ewé, torí irúgbìn nílò rẹ̀ níbẹ̀ láti fi di omi tó kù mú.

Ẹ fi ojú gaàrí wò ó. Ohun tó wà nínú ègé tó ń di gaàrí àti fùfú, ṣúgà tí ewé sè, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ di ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ ni. Tí ṣúgà ò bá sọ̀ kalẹ̀ tó, ègé á ta tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ìrẹsì tún burú: ó lè yọ ọmọ, kí inú ọmọ náà ṣófo.

Báwo ni iyọ̀ ṣe ń pọ̀ tó kó tó di wàhálà?

Kò pọ̀ rárá. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò, ìyẹn dS/m, omi òkun máa ń wà ní nǹkan bíi 50. Ilẹ̀ tó bá ti kọjá 3, ìkórè ìrẹsì ti ń dín kù. Àgbàdo ò tiẹ̀ lè dúró dé 2.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sí Oǹdó. Iyọ̀ inú omi ọ̀sà Èkó máa ń lọ sílẹ̀ lásìkò òjò, á tún gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń fi pọ́ǹpù fa irú omi bẹ́ẹ̀ rin ẹ̀fọ́, omi tó lò lóṣù Kẹsàn-án kọ́ ló ń lò lóṣù Kejì.

Ṣé ajílẹ̀ ni ojútùú?

Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyí. Oko tí iyọ̀ bá mú, ewé rẹ̀ á pọ́n, etí ewé á jóná, irúgbìn á ràn. Ẹni tó bá rí i á rò pé ilẹ̀ ti ṣá ni, á da ajílẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tí a bá kó ajílẹ̀ lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀, ṣe là ń fi iyọ̀ kún iyọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Òjò lè fọ iyọ̀ kúrò, tí omi bá rí ọ̀nà ṣàn jáde, tí òkun ò sì tún padà wọlé. Ní Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ etí òkun ń gbin ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní Pokkali, tó lè fara da iyọ̀. Ìgbà òjò, tí òjò bá ti fọ ilẹ̀, ni wọ́n ń gbìn ín. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ dé, wọ́n á máa sin edé lórí ilẹ̀ kan náà. Àwọn Ìlàjẹ tó mọ iṣẹ́ ẹja àti edé dunjú ò ní ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí àjèjì.

Kí ló yẹ ká béèrè?

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi wà tí ò ju ohun tó wọ àpò lọ. Ó yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń lọ sí etí òkun, kí wọ́n sì máa lò ó kí ẹnikẹ́ni tó pín irúgbìn tàbí ajílẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá sì ń ka ohun tí òkun bà jẹ́, kí wọ́n ka oko náà mọ́ ọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò wó, àmọ́ tí ègé rẹ̀ ò ta mọ́, òkun ti jẹ tiẹ̀ náà.