Irọ́ Ara Bọ́ọ̀sì Nìkan Kò Tó Ká Fi Tún Ìbò Dì

Àwa tí a wà ní Ìlú Ọba lọ́dún 2016 ò lè gbàgbé bọ́ọ̀sì pupa yẹn. Àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀ Bírítéènì kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU, ló kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé £350 mílíọ̀nù là ń kó fún EU lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ẹ jẹ́ ká fi ran NHS lọ́wọ́ dípò ìyẹn. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ni ìbò náà, àwa náà sì dì í. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí lábẹ́ òfin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yẹn, nítorí pé ara Commonwealth ni wá. Ọmọ Poland tàbí ọmọ Ítálì tó ti ń san owó orí níbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àfi tó bá ti di ọmọ ilẹ̀ yìí.

Ẹnu wa ò kò. Àwọn kan nínú wa ní ká dúró, àwọn kan ní ká lọ. Àǹtí wa kan tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó ní ká lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ò gùn: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ bí iṣẹ́ ṣe ń wọ̀ wá lọ́rùn ní wọ́ọ̀dù. Tí ìdajì owó yẹn bá lè dé ọ̀dọ̀ wa, ó parí."

Iye tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣòótọ́. Láti ọdún 1984 ni Margaret Thatcher ti bá Yúróòpù dúnàádúrà pé kí wọ́n máa yọ apá kan kúrò nínú owó tí Bírítéènì ń san. Owó tí wọ́n ń yọ yẹn kì í tilẹ̀ kúrò nílé kó tó di pé wọ́n yọ ọ́. Nínú èyí tó kúrò nílé náà, apá kan ń padà wá sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn yunifásítì. Àjọ tó ń mójú tó ìṣirò ìjọba sọ ọ́ kí ìbò tó wáyé pé iye yẹn ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nígbà tí Boris Johnson tún gbé e jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2017, olórí àjọ náà kọ̀wé sí i ní gbangba. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìbò gan-an, Nigel Farage, tó ti ń pariwo ká lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé NHS máa rí owó náà, pé àṣìṣe ni bí wọ́n ṣe ṣèlérí rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ariwo ta. Wọ́n ní irọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́, kí wọ́n tún un dì. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ fún ìbò kejì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwa náà fọwọ́ sí i. A rìn ní òpópónà Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018, a tún rìn lọ́dún 2019, a gbé páálí lọ́wọ́, òjò pa wá. Lónìí, a fẹ́ sọ ohun tó máa bí àwọn tá a jọ rìn nínú: ìbò kejì tá a béèrè tọ́, ṣùgbọ́n ìdí tá a fi béèrè rẹ̀ ò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé ara wa. Ṣé àwọn tó ní ká dúró ò bù mọ́ ọn ni? Ilé iṣẹ́ ìṣúná lábẹ́ George Osborne ló ní tá a bá lọ, ẹbí kọ̀ọ̀kan máa pàdánù £4,300 lọ́dún tó bá fi máa di 2030. Wọ́n ní láàárín ọdún méjì péré, iṣẹ́ tó máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn máa tó 500,000, ó sì lè lé ní 800,000. Nígbà tí ìbò ku bí ọ̀sẹ̀ kan, Osborne tún halẹ̀ pé òun máa gbé ìṣúná pàjáwìrì jáde, owó orí á lọ sókè. A dìbò tán, ìṣúná pàjáwìrì ò wá. Ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, ńṣe ni iye èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tún ń pọ̀ sí i. A mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí irọ́, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í hàn lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́: wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn ni.

Ká ní ìhà tiwa ló jáwé olúborí pẹ̀lú ìdá 52 sí 48 ńkọ́? Farage ti sọ ọ́ ní oṣù Karùn-ún, kí ìbò tó wáyé, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀ sí àwọn, ọ̀rọ̀ ò tíì parí nìyẹn. Ṣé àwa á gbà fún un? A ò ní gbà. A máa ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́ ni. Òfin tá a bá fẹ́ kó mú ẹnìkejì, tá ò fẹ́ kó mú wa, ìyẹn kì í ṣòfin.

Ohun kejì ni pé ta ló máa wọn ọkàn èèyàn? Àwọn tó ní ká lọ jẹ́ 17,410,742. Àwọn tó ní ká dúró jẹ́ 16,141,241. Àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Mélòó nínú wọn ni bọ́ọ̀sì pupa yí lérò padà? Ẹnìkan dìbò nítorí ẹja inú òkun, ẹlòmíràn nítorí ẹnubodè, ẹlòmíràn nítorí pé inú ń bí i sí ìjọba David Cameron. Kò sí ìwọ̀n tá a lè fi wọn èyí.

Ohun kẹta ló sún mọ́ wa jù. Ọmọ Yorùbá ni wá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993 ni wọ́n dìbò fún MKO Abíọ́lá. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà kan náà, ọjọ́ àti oṣù tí Bírítéènì padà wá dìbò tirẹ̀, ni ìjọba Babangida kéde pé òun ti fagi lé e. Púpọ̀ nínú wa ò tíì mọ nǹkan kan nígbà náà, a ò sì tíì bí àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ la dàgbà sí. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbò táwọn èèyàn ti dì, tó ní èrú wà nínú rẹ̀, kí wọ́n dà á nù, àwa ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òfin wo ló sì fún un láṣẹ? Lóòótọ́, ìbò kejì yàtọ̀ sí ohun tí Babangida ṣe, nítorí pé ọwọ́ àwọn olùdìbò náà ló ń dá ọ̀rọ̀ padà sí. Síbẹ̀, ẹni tó fìdí rẹmi ò yẹ lẹ́ni tó máa dá a sọ pé ìbò àkọ́kọ́ ò kà.

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ pé "ìbò ti parí, ẹ gbẹ́nu dákẹ́." Ọ̀rọ̀ tiyín ló tún burú jù.

Òfin ọdún 2015 tó gbé ìbò yẹn kalẹ̀ ò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìíní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí sọ ọ́ pé agbára ìṣèlú nìkan ni ìbò náà ní, pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣòfin kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ ètò àtilọ. Ní oṣù Keje 2018, àjọ elétò ìdìbò bu owó ìtanràn £61,000 fún ẹgbẹ́ Vote Leave, àwọn oníbọ́ọ̀sì pupa náà, nítorí pé owó tí wọ́n ná fẹ́rẹ̀ẹ́ fi £500,000 lé ní mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn tí òfin fọwọ́ sí. Àwọn tó gba ilé ẹjọ́ lọ lọ́dún náà pé kí wọ́n fagi lé èsì ìbò pòfo. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: tá a bá dé ilé ẹjọ́, ìmọ̀ràn lásán ni ìbò yẹn. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú, àṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni. Àárín méjèèjì ni irọ́ rí ibi sá sí.

Ibòmíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2016, àwọn ará Switzerland dìbò lórí owó orí tọkọtaya, ìdá 50.8 nínú ọgọ́rùn-ún sì kọ àbá náà. Ìjọba ti sọ fún wọn pé tọkọtaya 80,000 tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ lọ̀rọ̀ náà kàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba jẹ́wọ́ pé 454,000 ni. Ní oṣù Kẹrin 2019, ilé ẹjọ́ gíga wọn wọ́gi lé èsì náà, irú rẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ìbò gbogboogbò wọn. Wọn ò wọn ọkàn ẹnikẹ́ni. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé olùdìbò lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnra rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ dáadáa, láìsí ìtànjẹ. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ṣàṣìṣe, kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ń polongo. Wọ́n ti kọ òfin wọn sílẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fìdí rẹmi. Bírítéènì ò kọ nǹkan kan.

Kí wá ni ìdí tó tọ́? Òun ni pé "ká lọ" tí wọ́n kọ sórí ìwé ìdìbò ò sọ ibi tá à ń lọ. Ṣé bíi ti Norway la máa ṣe ni, àbí bíi ti Canada, àbí ká kàn jáde láìsí àdéhùn rárá? Ẹnìkan sọ tibí, ẹnìkan sọ tọ̀hún, gbogbo wọn wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oṣù Kọkànlá 2018 ni àdéhùn tí Theresa May ṣe tó jáde, ojú ìwé 585. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tó wà nínú ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbéyàwó wa ṣàpèjúwe. Ọmọbìnrin gbà lónìí pé òun fẹ́ ọmọkùnrin, a ò ní torí ẹ̀ gbé e lọ sílé ọkọ lọ́la. Ìwádìí wà, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wà, ìdána wà. Lọ́jọ́ ìdána, níwájú ẹbí méjèèjì, wọ́n á tún béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá kí wọ́n gba ẹrù yìí. Kò sẹ́ni tó máa pariwo pé wọ́n ti fagi lé "bẹ́ẹ̀ ni" àkọ́kọ́. Ìbéèrè kejì ló ń fi hàn pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àwọn aṣòfin mọ èyí dáadáa fún ara wọn. Láàárín ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2019, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dìbò lórí àdéhùn May, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ ọ́. Tó bá di ti ará ìlú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láéláé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, àbá pé kí ará ìlú fọwọ́ sí àdéhùn kí ó tó múlẹ̀ gba ìbò 280, àwọn 292 sì kọ̀ ọ́. Ìbò méjìlá ló dù wá.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí bí Yúróòpù ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á máa bi yín títí ẹ fi máa gbà." Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Denmark kọ àdéhùn Maastricht lọ́dún 1992, wọ́n gbà á lọ́dún 1993. Ireland kọ ti Lisbon lọ́dún 2008, wọ́n gbà á lọ́dún 2009. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì gba àyípadà tàbí ìdánilójú kí wọ́n tó tún dìbò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọn ò ti kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ojú mọ̀kàrúrù làwọn èèyàn fi ń wò ó. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí ìbò kejì wà nínú òfin kí ìbò àkọ́kọ́ tó wáyé, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ìhà tó máa jàǹfààní rẹ̀.

Àwa la sì ba ọ̀rọ̀ tiwa jẹ́. Dípò ká sọ fún àǹtí wa pé, "Àǹtí, àdéhùn ti dé, ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn nìyí," ohun tá a sọ ni pé, "Àǹtí, wọ́n tàn yín jẹ." Wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rò pé mi ò lọ́pọlọ ni?" Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di mọ́kà láàárín wa. Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bínú sí àwọn oníbọ́ọ̀sì. Ìbínú wọn yí padà sọ́dọ̀ wa nítorí pé a bú wọn kún un.

Irọ́ ní ìyà tirẹ̀ tó yẹ ká fi jẹ ẹ́. Lákòókò náà, £20,000 ni owó ìtanràn tó pọ̀ jù tí àjọ elétò ìdìbò lè bù lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Fún ẹgbẹ́ tó ń ná mílíọ̀nù méje, owó ìsọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìyà. Ẹ gbé e ga dé ibi tó máa dùn wọ́n. Tí àjọ oníṣìrò bá sì ti sọ pé iye kan ń ṣini lọ́nà, ẹ fi dandan lé e pé kí wọ́n pa á rẹ́ kí ìbò tó wáyé, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò parí sí Ìlú Ọba. Lójoojúmọ́ là ń rí ọmọ Yorùbá lórí ayélujára tí wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ ká dìbò bóyá ká ní orílẹ̀-èdè tiwa. Àwa tá à ń kọ èyí pàápàá ò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ohun tá a fẹnu kò lé lórí ni pé tí irú ìbò bẹ́ẹ̀ bá máa wáyé níbikíbi, kí òfin rẹ̀ sọ ọ́ kedere ṣáájú: ẹ̀ẹ̀kan láti mọ ibi tí ọkàn ará ìlú fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kan sí i nígbà tí wọ́n bá ti kọ àdéhùn sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹni tó bá ń gbé ìbò kan ṣoṣo ká wa lọ́wọ́, tí kò fẹ́ ká béèrè ohun tó wà nínú ẹrù, ẹ bi í pé kí ló ń bẹ̀rù.