Ọkàn Ni Àníyàn Ń Gbé, Kì í Ṣe Orí Ìka

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú Ìsìláàmù, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ yógà láyé àtijọ́ ní láti wá olùkọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lónìí, inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń mú káàkiri Abẹ́òkúta ni olùkọ́ náà wà. Ẹ wo obìnrin aládìrẹ ní Ìtòkú, tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ń ro ó, wọ́n ní kí ó máa na ara, ọmọ rẹ̀ sì bá a wá fídíò kan. Ó tẹ́ ẹní, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ara tù ú. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. Ṣùgbọ́n kí fídíò náà tó parí, olùkọ́ inú rẹ̀ yóò ní kí ó jókòó, kí ó pa ojú dé, kí ó fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka ìtọ́ka, kí ó sì dá ìpinnu rẹ̀ sí i lọ́kàn: òun ti sàn, òun ti là, ọ̀nà òun ti ṣí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Fífi ìka kan ìka yìí ní orúkọ. Mudra ni wọ́n ń pè é ní èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èdìdì. Ìpinnu tí wọ́n ń dá sí i náà ní orúkọ: sankalpa. Ọ̀rọ̀ ìjọsìn ni. Ẹlẹ́sìn Híńdù tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjọsìn níwájú òrìṣà rẹ̀ yóò gba omi tàbí ìrẹsì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò sọ ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí ó jẹ́, yóò sì sọ ohun tí ó torí rẹ̀ fẹ́ jọ́sìn. Sankalpa nìyẹn. Ǹjẹ́ kí ni Mùsùlùmí ń pe irú nǹkan báyìí nínú ẹ̀sìn tirẹ̀? Àníyàn ni. Ẹni tí ó bá kírun láìdá àníyàn kò kírun. Nítorí náà, ohun tí fídíò náà fi lé obìnrin aládìrẹ lọ́wọ́ kì í ṣe àfikún eré ìdárayá. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ìjọsìn ẹlẹ́sìn mìíràn ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyẹn ti di ohun àtijọ́. Lóòótọ́, Swami Satyananda Saraswati, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ yógà Bihar sílẹ̀ ní ìlú Munger, mú sankalpa kúrò nídìí omi àti ìrẹsì. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Yoga Nidra, tí ó jáde ní 1976, ó fi kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìpinnu kúkúrú tí ènìyàn yóò máa tún sọ nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ara bá ti rọ̀ ọ́. Òrìṣà kò sí níwájú mọ́. Ta ni ó wá kù tí wọ́n ń sọ ìpinnu náà fún? Ara ẹni ni, tàbí ohun kan tí wọ́n ń pè ní agbára àgbáyé. Bí a bá mú òrìṣà kúrò lórí àga, tí a sì gbé ara wa jókòó síbẹ̀, ǹjẹ́ ó ti di Ìsìláàmù?

Ẹ tún wo ìka náà fúnra rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yógà ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá wọn: wọ́n ní ìka ìtọ́ka ni ẹ̀mí ènìyàn, àtàǹpàkò ni Ẹ̀mí tí ó ga jù lọ, bí méjèèjì bá sì ti kanra, ẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá di ọ̀kan. Mùsùlùmí náà ní iṣẹ́ tí ó ń fi ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe. Bí ó bá jókòó àtáyà, òun ni ó ń nà láti jẹ́rìí pé Ọlọ́hun jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí ẹ̀dá kankan kò sì bá A dọ́gba. Ìka kan náà tí ó jẹ́rìí sí ìṣọ̀kan Ọlọ́hun ní àsùbáà ni wọ́n ní kí ó ká ní agogo méje láti jẹ́rìí pé ènìyàn àti Ọlọ́hun kò yàtọ̀.

Wọ́n á ní ẹ̀yin Mùsùlùmí náà ń lo ọwọ́: ẹ ń gbé e sókè láti kábàrà, ẹ ń tẹ́ ẹ láti ṣe àdúà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó kọ́ni ní èyí, àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ sílẹ̀ sì jẹ́ ọwọ́ atọrọ. Atọrọ mọ̀ pé ọwọ́ òun kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Ní ti àníyàn, hádíìsì tí Umar ọmọ Khattab gbà wá, tí Bukhari sì fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀, fi yéni pé orí àníyàn ni iṣẹ́ dúró lé. Àwọn onímọ̀ sì fi ẹnu kò pé ọkàn ni ibùgbé rẹ̀. Èyí kan àwọn tiwa náà, tí wọ́n máa ń dúró ní sáfù tí wọ́n á máa fi ohùn òkè ka àníyàn ìrun ní èdè Lárúbáwá, títí tí lèmámù yóò fi tẹ̀ ní rúkúù. (Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàrin Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣéù Ibrahim Niasse ti ìlú Kaolack ká ọwọ́ sí àyà lórí ìrun, àwọn mìíràn jù ú sílẹ̀, àwọn kan sì kọ̀ láti kírun lẹ́yìn ara wọn. Ó ṣe ni láàánú pé ẹni tí ó lè jà báyẹn nítorí ọwọ́ lórí ìrun yóò wo ọmọ rẹ̀ tí ó ń ká ìka sí ìmọ̀ràn Íńdíà, yóò sì ní eré ọmọdé ni.)

Ọmọ Ẹ̀gbá kò sì lè ní ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí òun. Àwọn baba wa ń ta ìka yí orí ká kí ibi lè kọjá lọ. Wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á nà án sí òkè láti búra. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ààfáà ti ń wàásù ní Abẹ́òkúta pé ìka kì í lé ibi lọ, ilẹ̀ kì í sì í gbọ́ ìbúra. Ẹni tí ó jáwọ́ nínú ti ilé, kí ni ó ń wá nínú ti òkèèrè?

Ẹlòmíràn yóò ní, “Èmi kò gbàgbọ́ nínú ìtumọ̀ wọn, mo kàn ń ká ìka ni.” Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi ń ká a. Ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ̀ pé nǹkan kan ń mú nǹkan mìíràn wá: kí Ọlọ́hun sọ fún ni, tàbí kí ìrírí fi hàn. Ìrírí fi hàn pé nína ẹ̀yìn ń dín ìrora kù; kí obìnrin aládìrẹ máa na ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pé àtàǹpàkò tí ó kan ìka yóò mú físà, ọkọ tàbí ọrọ̀ wá, Ọlọ́hun kò sọ ọ́, ìrírí kò sì fi hàn. Ọ̀nà yìí gan-an ni ońdè àti tìrà gbà wọlé.

Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ kò fi gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan. Ní oṣù kọkànlá 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà ilẹ̀ Màléṣíà kọ yógà tí ó ní ìjọsìn àti orin mantra nínú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, olórí ìjọba wọn, Abdullah Badawi, ṣàlàyé pé ìnara lásán kò sí lára èèwọ̀ náà. Ní 2009, àwọn onímọ̀ Indonéṣíà ya méjèèjì sọ́tọ̀ bákan náà. Ní 2017, ilẹ̀ Sáúdì gbà á gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Àwọn tí wọ́n ń fi ti Sáúdì ṣe àwíjàre kí wọ́n rántí pé eré ìdárayá ni wọ́n gbà níbẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi ìka dá àníyàn.

Kí obìnrin náà tẹ́ ẹní rẹ̀, kí ó na ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì pa fídíò náà nígbà tí olùkọ́ bá dé orí ìka. Bí ó bá ní ohun tí ó ń fẹ́, ìrun ìsítíkárà wà, tí sàhábà Jabir ròyìn pé Ànábì kọ́ wọn bí ó ti ń kọ́ wọn ní súrà inú Kùránì. Rákáà méjì ni, kò gùn tó ìjókòó ìparí fídíò náà. Nínú àdúà rẹ̀, ẹrú Ọlọ́hun ń bẹ̀bẹ̀ pé bí ohun tí òun ń fẹ́ bá jẹ́ oore, kí Ọlọ́hun fi ṣe tòun. Bí ó bá sì jẹ́ aburú, kí Ó gbé e jìnnà sí òun, kí Ó sì jẹ́ kí ọkàn òun yọ́ sí ohun tí Ó bá fi rọ́pò rẹ̀. Sankalpa kò ní ìdajì kejì yìí.