Ọmọ Tí Ó Wà Ní Òkè Òkun, Kí Ni Ẹ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, pàápàá àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe ti ọdún kan, tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò lò kí wọ́n tó parí. Bí físà bá jáde, a máa ń mú ọmọ náà wá síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ yóò jó. Bí ó bá gboyè, a tún máa ń jó. Èmi kò tíì rí ibi tí a ti ṣe ìdúpẹ́ fún ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ ọdún kejì àti ìkẹta gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa tí a ń ka Bíbélì. Ọdún mẹ́ta ni ọba Bábílónì là kalẹ̀ fún Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà. Wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n sì gbé oúnjẹ àjèjì síwájú wọn. A ti wàásù púpọ̀ lórí oúnjẹ tí wọn kò jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àlá ọba di ọ̀rọ̀ ikú, Dáníẹ́lì lọ sí ilé rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ fún àwọn mẹ́ta yòókù. Ó rí ẹni sọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò rí.

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa náà mọ èyí. Ní ọdún 1922, Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í fi yàrá háyà fún ènìyàn dúdú, bí owó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ó padà wá sí ilẹ̀ wa, ó ń ti ìlú kan dé ìlú kejì láti kó owó jọ, títí wọ́n fi ṣí ilé kan ní Camden ní 1933 tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé. Ẹ̀kọ́ òfin ni ó bá lọ, ilé ni ó padà ń kọ́, nítorí ó rí i pé ìwé nìkan kọ́ ni ó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn ìdílé wa kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Láti bí ọdún 1955 sókè, títí di ìgbà tí ó kọjá 1970, tọkọtaya ni wọ́n ń lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ yóò máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, yóò máa lọ sí kíláàsì ní alẹ́, ìyàwó náà yóò wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ yóò dé, kò sì sí ìyá àgbà tí yóò pọ̀n ọ́n. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá alágbàtọ́, àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex àti ní Essex yóò sì gba ọmọ náà fún owó ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré sinimá tí a bí ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tilbury ni wọ́n gbé e lọ nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó ń bàlágà, ó wá ń bá àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń lu ènìyàn dúdú ní ìgboro rìn. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù kan, Farming, ní 2018.

Èmi kì í bá àwọn tí ń bú àwọn òbí wọ̀nyẹn kẹ́gbẹ́. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n rò pé yóò jẹ́, ìdánwò já wọn kulẹ̀, owó tán, ọdún mẹ́ta di mẹ́jọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé fọ́tò ni àwọn ará ilé ń rí: ọkọ wọ kóòtù, ìyàwó dé fìlà, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni ó ń tọ́jú ọmọ.

Ó kù sí ti òní. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù Kíní ọdún 2024, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè másítà ti inú kíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ti ìwádìí, bí oyè ọ̀mọ̀wé, ni òfin ṣì gbà láyè. Wákàtí 20 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè fi ṣiṣẹ́ owó ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìtọ́jú ìlera tí a ń san mọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ di pọ́n-ùn 776 fún ọdún kan ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ wá wo náírà wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó tí bàbá kó jọ fún ọdún mẹ́ta kò wá tó ọdún kan mọ́. Ọmọ náà kò ṣe ìnákúnàá kankan.

Mo mọ arákùnrin kan nínú ìjọ wa tí ó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní ìhà àríwá Ìlú Ọba. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì wọ ọdún kẹrin. Ó ń fi òru di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ó ń fi ọ̀sán kọ ìwé. Ní oṣù Kejìlá níbẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í lù kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá tí kò ní fojú kan oòrùn. Kò sọ èyíkéyìí fún àwọn ará ilé. “Dáadáa ni, Màámi” ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo.

Àsìkò yẹn ni bàbá rẹ̀ sùn nínú Olúwa. Ó ti fi ìwé ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ físà rẹ̀, èsì kò sì tíì dé. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ẹni tí ó ń retí irú èsì bẹ́ẹ̀ bá jáde ní ìlú, a ó kà á sí pé ó ti fa ìwé rẹ̀ padà. Bí ó bá wá sin bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Ó dúró ní ilé ìdáná níbi tí ó ń gbé, ó ń fi fóònù wò ó bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń bu erùpẹ̀ sí ibojì. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní òyìnbó ti gba ọmọ náà. Àǹtí rẹ̀ kan tilẹ̀ ní kí wọ́n má fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ètò ìsìnkú.

Ìyá rẹ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú ó pè é, kò sì sọ̀rọ̀ òkú rárá. Ó ní, “Kí lo jẹ lónìí?” Ọmọ náà gbìyànjú láti dáhùn, ẹkún ni ó jáde. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ìyá sì gbọ́ nípa ilé ìkẹ́rùsí fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò lówó tí ó lè fi ránṣẹ́. Ó kàn ń pè ní alaalẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń béèrè ohun tí ó sè, bóyá ó sùn, ta ni ó bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Físà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó ṣì ń kọ ìwé náà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń béèrè: “Ìgbà wo lo máa parí? Ṣé o ti ríṣẹ́? Owó àbúrò rẹ ń kọ́?” Ọmọ tí ó ń gbọ́ èyí nìkan yóò kọ́ láti máa purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí pé ó burú, ṣùgbọ́n nítorí pé kò fẹ́ já yín kulẹ̀. Bí ó bá sì sọ pé òun kò lè sùn, pé kò sí ohun tí ó wu òun ṣe mọ́, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì sọ fún un kí ó lọ rí dókítà. Kì í ṣe gbogbo àìsùn ni ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀. Ó ti san owó ìtọ́jú náà mọ́ físà. Kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí ro ó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá rí ìwé yìí kà, ẹ sọ ìṣòro yín fún olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ yín kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ran ẹni tí ó bá tètè sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má sì sọ pé aago kò bára mu. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni ti Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba. Ní àkókò òtútù, wákàtí kan péré ni a fi ṣáájú wọn.

Bí ẹ bá rí ẹni tí ń lọ, tí ẹ fẹ́ fi oúnjẹ rán an, ẹ yọ kìlìṣí àti wàràǹkàṣì kúrò, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a kó ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ilẹ̀ wa wọlé síbẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ ni kí ẹ dì, kí ẹ dì wọ́n dáadáa, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí ara ọ̀rá gàdàgbà-gadagba, nítorí èlùbọ́ ṣòro láti ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ ibodè ní aago márùn-ún ìdájí.