Fóònù Wà Lọ́wọ́, Èdè Rẹ̀ Ni Kò Yé Wa

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa ti kúrò lójú, ó ti wọ inú fóònù, owó wa náà sì ti tẹ̀lé e lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ó ń mú kí oníṣòwò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàyè, kí sì ni ó ń mú kí ó bẹ̀rù rẹ̀?

Láìpẹ́ yìí, mo yà ní Ìkirè láti ra dòdò tí àwọn arìnrìn-àjò mọ ìlú náà mọ́. Ìyá tí ó ń tà á na fóònù rẹ̀ sí mi: "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó bóyá owó yìí ti wọlé." Oníbàárà kan ti ra ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ sì dé lóòótọ́. Mo kà á. Nọ́ḿbà ẹnìkan lásán ni ó ti wá, kì í ṣe ilé ìfowópamọ́ ìyá náà. Ayédèrú ni. Ó ṣòro fún mi láti sọ ọ́ fún un.

Ìyá yìí kì í ṣe òpè o. Ó ń dá àjọ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀. Alájọ á gba owó, á fa ìlà sí káàdì lójú rẹ̀. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á sì dá ìyókù padà. Àwọn méjèèjì rí àmì kan náà, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni òwò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ rántí ọjà Apòmù ayé àtijọ́, níbi tí jíjí ènìyàn gbé ti wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀.

Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ inú fóònù. Òjò ni ó lé wọn wọlé, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ilé náà. Ohun tí ó gbà wọ́n ni àwọn oní-POS, nítorí pé ènìyàn tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó jókòó sáàárín wọn àti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni kò pe nọ́ḿbà àṣírí wọn sókè kí a lè bá wọn tẹ̀ ẹ́? Bí èdè ẹ̀rọ kò bá yé wa, àṣírí wa ni a fi ń san owó ògbufọ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ìyá náà lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Nínú ọjà wa, ẹni tí ó ń tà ni ó ń kọ́ èdè oníbàárà. Ní Kẹ́ńyà, orúkọ M-Pesa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 gan-an, owó ni "pesa" ní èdè Swahili.

Síbẹ̀, kí a kọ Yorùbá sórí rẹ̀ nìkan kò tó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160. Bí ẹ bá fi ẹyọ ọ, ẹ, ṣ tàbí á kan ṣoṣo sí i, ó di 70, iye tí a ń san á sì lè di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ àmì kúrò, tí owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ fi di "owo" kan náà, tí a kò sì mọ igba yàtọ̀ sí ìgbà.

Ohùn ni mo fara mọ́. Bí owó bá wọ àpò ìfowópamọ́, kí ilé ìfowópamọ́ pe oníṣòwò, kí ó sọ iye rẹ̀ fún un ní Yorùbá ketekete, kí oníbàárà tó kúrò lórí ìdúró. Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà Ìkirè àti Apòmù, kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọgbà Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìkirè, iṣẹ́ yín rèé. Ìyá tí mo wí yìí ti padà sórí owó tí a fi ń kà lọ́wọ́. N kò lè dá a lẹ́bi.

Ire o.